Iná Kọ́ Ló Ń Pa Oró Gbágùúdá

Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ká mi mọ́ ẹ̀bá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n sọ bí iṣẹ́ gààrí ṣe rí fún àwọn, torí pé àwọn àti òbí àwọn kò tíì fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí àwọn máa kọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí mo bá ní kí n rò ó lórí ìdúró, ọmọ tí mo pọ̀n yóò jí, ọ̀rọ̀ yóò sì di ẹkún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá, tó gba ìka rẹ̀, tó gba ojú rẹ̀, tó wá fi sílẹ̀ nígbà tó bímọ, kí ni ká pè é? Mo bi ọ̀gá mi, Ìyá Ìjẹ̀bú, bóyá ó yẹ kí n kọ irú ìtàn yìí. Ó wò mí títí, ó ní, "Bọ́lá, bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ìwọ, àkísà tìrẹ náà ti tó fi nu agbada. Máa kọ ọ́."

Ọdún tí Gabon tí a ń gbé yìí gba òmìnira ni ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Venez-Voir. Àdúgbò náà kún, ilé ń fi èjìká gbún ilé, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjẹ̀bú ní àyè kan lẹ́yìn ilé tirẹ̀ tí atẹ́gùn òkun ń dé. Ibẹ̀ ni agbada irin rẹ̀ wà, lórí ààrò tó fi amọ̀ mọ. Ní ti owó, ohun tó ń fún mi tó fún mi. Ìyẹn parí lórí owó. Láàárọ̀ mo máa ń lọ síléèwé, lọ́sàn-án mo máa ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá sì dé, tirẹ̀ ni mí láti àárọ̀ dalẹ́.

Odidi ọdún kan ni mo fi bó èèpo, tí mo fi fọ gbágùúdá. N kò fọwọ́ kan ohun tí a fi ń rin ín. Páànù ni, tí wọ́n fi ìṣó lù ní àlùjá, tí wọ́n kàn mọ́ pátákó. Ìyá Ìjẹ̀bú ní ẹni tí kò mọ ìdọ̀tí lójú kò gbọdọ̀ mọ gààrí lọ́wọ́. Bí ó bá rí èèpo tó kéré bí èékánná lára èyí tí mo fọ̀, yóò da gbogbo ọpọ́n omi náà padà sí iwájú mi, kò ní bínú, kò ní pariwo, yóò kàn sọ pé, "Ẹni tó máa jẹ ẹ́ kò rí ọ." Mo sunkún nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ṣe sunkún nítorí pàṣán lọ.

Lọ́dún kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Awọ ìka mi ṣí, ó san, ó tún ṣí, títí tó fi le. A ó rin ín tán, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ máa ro, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìyá Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ ló ń so ẹnu àpò, ó sì ní kókó kan tó máa ń ta tí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ta. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u kí ó tó kan, ó máa ń mọ̀. Láràárọ̀ ni yóò gbé imú lé àpò bí ìyá tó ń gbóòórùn orí ọmọ rẹ̀.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Mama, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò yìí gan-an?"

"Iṣẹ́ ló ń lọ níbẹ̀."

"Ta ló ń ṣe é?"

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n ni? Ẹni tó bá ń bá ọ ṣiṣẹ́ tí kò gba kọ́bọ̀, má béèrè orúkọ rẹ̀. Má sáà dí i lọ́wọ́."

Bí ó bá sì di ìgbà tí a máa yan án, a kò gbọdọ̀ dé agbada. Ẹni tó ń yan án gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń gbé ooru kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń gbé e wá bá a. Mo rò pé nítorí ojú wa ni. Ẹ óò rí i níwájú pé ó ju ojú lọ.

Ẹni tó ń ta gbágùúdá fún wa ni obìnrin ọmọ Gabon kan tí gbogbo wa ń pè ní Mama Élise. Oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó jáde nílùú. Òun kì í rin tirẹ̀. Ó ń rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà ló ń gún un, tó ń fi ewé wé e gígùn gígùn bí ọ̀pá, tó ń sè é. Bàtọ́n ni wọ́n ń pè é níbí. Òun àti Ìyá Ìjẹ̀bú kò gbọ́ èdè ara wọn, Faransé tó ti dá lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń bára wọn jà.

"Tìrẹ ń rùn," Ìyá Ìjẹ̀bú yóò wí.

"Tìrẹ ń ká eyín," Mama Élise yóò dáhùn.

Wọn a sì pín gúgúrú jẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ láti ọdún pípẹ́, kí n tó dé ibẹ̀ rárá.

Ọdún kẹta mi ni ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí iṣẹ́ wa ṣẹlẹ̀. Kúnlé, ọmọ Ìyá Ìjẹ̀bú tó ń ṣe mẹkáníìkì, gbé ìyàwó dé láti ilé. Rẹ̀mí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, onítìjú ènìyàn. Kò pẹ́ tó fi lóyún. Oyún náà kò jẹ́ kó rí ẹja sójú, ẹran náà ń rìn ín, ẹyin kò sì gba ọ̀fun rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń wù ú ni pákí sísè pẹ̀lú àgbọn, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé ìyá rẹ̀.

Gbágùúdá tí wọ́n ń sè jẹ bẹ́ẹ̀ nílé, èyí tó dùn ni. Èyí tó ń bọ̀ láti oko Mama Élise, èyí tó korò ni. Bí a bá kó wọn síta, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Kò sí obìnrin Gabon kan tó máa sè é ní tútù, wọ́n ti mọ̀ ọ́n látìgbà èwe. Àwa tí a ń yan gààrí, a kò ní í sè é torí pé rírin là ń rin ín. Nítorí náà kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún Rẹ̀mí. Kò tíì sí ẹni tó nílò ìkìlọ̀ náà rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìjẹ̀bú wà lọ́jà, èmi wà níléèwé. Rẹ̀mí mú mélòó kan nínú òkìtì tí a kò tíì rin. Ó bó o, ó tọ́ ọ wò, ó rí i pé ó korò díẹ̀. Ó rò ó bí púpọ̀ nínú wa ì bá ti rò ó, pé kí ni iná kò lè pa. Ó koná mọ́ ọn, ó dé ìkòkò pinpin, ó sè é títí tó fi rọ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú àgbọn, ó dùn mọ́ ọn, ó tún bù sí i.

Ìgbà tí mo dé láti iléèwé, orí ẹní ni mo bá a. Ó ti bì. Ó ní, "Bọ́lá, ilé ń yí," ó sì ń mí kíá kíá bí ẹni tó sáré gun òkè. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ aṣọ tó wà lórí okùn, ó sì ń mí bí ẹni tí wọ́n dì nímú. N kò gbàgbé ìyẹn títí di òní. Mo figbe ta. Àwọn ará ilé kejì bá mi gbé e wọ takisí, mo sì sáré lọ pe Ìyá Ìjẹ̀bú.

Nílé ìwòsàn, dókítà béèrè ohun tó jẹ. Ìgbà tí a sọ ọ́, ó mi orí bí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ojú Rẹ̀mí ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ inú rẹ̀, dókítà ní òun kò tíì lè sọ ohunkóhun.

Kúnlé kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó gba ọjà lọ, ó da agbọ̀n Mama Élise nù, ó ń pariwo pé obìnrin náà ta májèlé fún ìyàwó òun. Èrò pé. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ pe ṣọ́jà wá. Ẹni tó ń ṣe olórí ọjà sọ fún Mama Élise pé kó gbé ẹrù rẹ̀, kó má sì padà wá títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi lójútùú. Bí wọ́n ti lé e tán, wọ́n yíjú sí wa. Wọ́n ní gààrí wa ńkọ́, ṣebí inú gbágùúdá kan náà ló ti jáde? Lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò ra ife kan lọ́wọ́ wa. Bí Mama Élise bá lọ, iṣẹ́ Ìyá Ìjẹ̀bú lọ nìyẹn, orúkọ obìnrin méjèèjì yóò sì di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ.

Ẹ̀bá ibùsùn Rẹ̀mí ni Ìyá Ìjẹ̀bú ti gbọ́ ohun tí Kúnlé ṣe lọ́jà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é.

"Kúnlé, kí ni mo fi tọ́ ọ?"

"Mama, obìnrin yẹn..."

"Mo ní kí ni mo fi tọ́ ọ?"

"Gààrí ni, Mama."

"Ta ló ta gbágùúdá rẹ̀ fún mi, láti ìgbà tí o kò tíì mọ̀ ọ́n de bẹ́líìtì? O ti rí òkú jáde nílé mi rí?"

Kúnlé mi orí pé rárá.

"Èyí tó kù nínú òkìtì yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á nù. Òun náà ni màá rin. Òun náà ni màá yan. Ojú ọjà ni màá sì ti jẹ ẹ́."

"Mama, ẹ fẹ́ kú ni?"

"Bí mo bá kú, ẹ lọ mú Élise. Bí n kò bá kú, ìwọ lo máa fi orí ara rẹ ru ẹrù rẹ̀ padà sí ìsọ̀."

Mama Élise fúnra rẹ̀ wá bá wa rin ín. Kò rin gbágùúdá rí láyé rẹ̀, páànù náà sì bó ìka rẹ̀ dáadáa. Ìyá Ìjẹ̀bú ní, "Tìrẹ ń rùn, ṣùgbọ́n kì í gé ènìyàn." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú ọgbà náà láti ìgbà tí Rẹ̀mí ti ṣàìsàn.

Nínú ọjọ́ tí àpò fi wà lábẹ́ òkúta, ìdí tí iná kò fi pa oró yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo bi olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa nípa ohun ẹlẹ́mìí, obìnrin ìjọ Àgùdà kan tí a ń pè ní Má Sẹ̀ẹ̀, ìyẹn "arábìnrin mi" ní Faransé. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ya gbágùúdá sójú pátákó, ó pín inú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké.

Ó ní oró náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní dídì, bí ọ̀bẹ nínú àkọ̀. Ní ìhà kejì ògiri ni àǹsíìmù wà, èyí tí àwọn tó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Òṣìṣẹ́ ni, ó ní, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí tí kò ní wọn. Àwọn ló ń já oúnjẹ sí wẹ́wẹ́ nínú ikùn wa, àwọn ló ń sọ ọ́ di agbára, àwọn ló ń fi í tún ara mọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kì í yà sí ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ kì í sì í jẹ wọ́n tán. Mo rántí páànù wa, tó ń rin gbágùúdá látàárọ̀ tó ṣì ń jẹ́ páànù lálẹ́.

Ó ní, "Bí ẹ bá rin ín, ògiri àárín wọn wó. Òṣìṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ oró, ó tú u. Oró tí a tú sílẹ̀ di ooru, ó bá atẹ́gùn lọ, ó bá omi tó ń ro lọ, èyí tó kù, agbada gbígbóná yóò lé e jáde."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ agbada tí a kì í dé yé mi, àti ọ̀rọ̀ ibi tí ẹni tó ń yan án gbọ́dọ̀ jókòó sí.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí Rẹ̀mí sè é títí ó fi rọ̀, Má Sẹ̀ẹ̀."

"Kí ni iná ń ṣe sí funfun ẹyin?"

"Ó ń mú un le."

"Ṣé ó lè padà di omi?"

"Kò lè padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe òṣìṣẹ́ yẹn. Ó pa á kí ó tó ríṣẹ́ ṣe. Oró tó wà ní dídì ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù iná. Ó wà níbẹ̀ digbí, ó dé inú ikùn, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí tó ń gbé níbẹ̀ sì tú u níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti tú u."

Ó ní nínú ẹran ara wa, òṣìṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń gba atẹ́gùn tí a mí sínú, tí ara fi ń rí agbára lò. Oró gbágùúdá a lọ jókòó sí ojú ibi tí òṣìṣẹ́ náà fi ń gba atẹ́gùn yẹn, kò sì ní dìde. Ènìyàn ń mí, ẹ̀jẹ̀ ń gbé atẹ́gùn kiri, ṣùgbọ́n ara kò rí i lò. Mo rántí Rẹ̀mí lórí ẹní, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, omijé sì bọ́ lójú mi. Má Sẹ̀ẹ̀ fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ mìíràn ṣì wà nínú ara tó ń sọ oró náà di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ tó ń wá láti inú ẹja, ẹran àti ẹyin. Àwọn nǹkan tí oyún kò jẹ́ kí Rẹ̀mí jẹ gan-an. Ó tún ní kí n má rò pé gbogbo dídí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ló burú: oògùn wà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ inú kòkòrò àrùn ló ń dí lọ́wọ́, ìyẹn ni àìsàn fi ń lọ.

Mo sáré lọ rò ó fún Ìyá Ìjẹ̀bú. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé imú lé àpò, ó ní, "Ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀. Ó dáa. Ẹ bá mi kí i." Ó wá ní, "Olùkọ́ rẹ yẹn, ó ní ojú inú. Bá mi gbé gààrí lọ fún un bí èyí bá parí."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbágùúdá inú àpò kan, a gbé agbada lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ìyá Ìjẹ̀bú yan án níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó jẹ́ kó tutù, ó bu omi sí i, ó fi ẹ̀pà lé e, ó jẹ àwo kan tán láìyára. Mama Élise gba àwo kejì, ó jẹ tirẹ̀, ó ní ó ń ká eyín lóòótọ́. Wọ́n wá gbé àpótí, wọ́n jókòó. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó.

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ìyá Ìjẹ̀bú. "Mama, ṣé orí kò fọ́ yín?"

"Bí ẹ ṣe ń wò mí yìí nìkan ló ń fọ́ mi lórí."

Nígbà tí oòrùn kán àtàrí, olórí ọjà fúnra rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ. Lẹ́yìn tirẹ̀, ọwọ́ pọ̀ nínú agbada. Ó wá kan Kúnlé. Ó tẹ̀ ba, ó gbé agbọ̀n Mama Élise karí, ó gbé e lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrọ̀fọ̀ ọjà. Mama Élise kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́, ó rò pé ó ṣubú, ó ń fà á lápá sókè. Oyún Rẹ̀mí dúró. Obìnrin ló fi bí.

Lẹ́yìn ìyẹn, irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Alhaji kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Sotega gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ dé. Ìyá Ìjẹ̀bú fi tayọ̀tayọ̀ gbà á, ó ní ìka òun ti dúpẹ́. Nígbà tó yá, jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè rọ́pò òkúta orí àpò. Inú wa dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji wá ní, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti yá báyìí, kí ló dé tí a kò lè rin ín láàárọ̀, ká yan án lọ́sàn-án, ká tà á nírọ̀lẹ́? Ìyá Ìjẹ̀bú ní, "Alhaji, iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ bá mi gbà, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ inú àpò kì í ṣe tèmi. N kò lè tà á fún yín."

Mo ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi lọ́kọ, mo sì ṣe é lẹ́yìn ìgbeyàwó. Ọmọ mi ló mú mi kúrò. Èéfín kò bá àyà rẹ̀ mu, ikọ́ rẹ̀ sì ń gún mi lọ́kàn ju bí iṣẹ́ ṣe ń dùn mọ́ mi lọ. N kò ní parọ́ fún yín, àárọ̀ mìíràn wà tí òórùn àpò kíkan ń wù mí bí ìgbà tí mo lóyún. Ìyá Ìjẹ̀bú náà ti jáwọ́, ojú rẹ̀ kò gba èéfín mọ́.

Rẹ̀mí ló wà nídìí agbada báyìí. Ó lé ní ọdún kan tí kò fi lè fara da òórùn gbágùúdá. Ohun tó mú un padà ni pé lọ́jà lọ́jọ́ kan, ó rí ìyàwó tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tó ń ra gbágùúdá tútù lọ́wọ́ Mama Élise pẹ̀lú àgbọn. Mama Élise ń fi Faransé kìlọ̀ fún un, ìyàwó náà kò gbọ́. Rẹ̀mí onítìjú yẹn gba gbágùúdá lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, ó fà á lọ́wọ́ wá sí ọgbà wa, ó sì fi rírin hàn án. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọbìnrin mẹ́ta, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ó le ju Ìyá Ìjẹ̀bú lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọmọ mi lọ kí i. Mo bá oníbàárà kan níbẹ̀, ọkùnrin ńlá, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé àlejò òun ti ń bọ̀, kí Rẹ̀mí tú àpò tí wọ́n rin lánàá, kó yá a yan díẹ̀ níbẹ̀ fún òun.

Rẹ̀mí kò bá a jiyàn. Ó lọ jókòó lé àpò náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti àpótí kan síwájú ọkùnrin náà.

"Bùọ̀dá, ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ dúró dè é."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo àpò, ó sì jókòó.